Igi Mẹ́rin Tí Mo Gé De Ọ̀la

Ẹ so ọkọ̀ yín mọ́ òpó kí ẹ wá jókòó. Ẹni tí ẹní kò bá kàn, kó jókòó sórí ọkọ̀ tí mo dojú ẹ̀ dé yẹn, kò ní sọ pé ó rẹ òun. Ọ̀rọ̀ mi kò yára. Lọ́dọ̀ wa níbí, omi tó bá ń yára, ohun kan wà tó fẹ́ gbé lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí n ṣe, ṣé kí n lọ kọ́wèé ní ìlú òkè ni àbí kí n dúró ti àwọ̀n bàbá mi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lẹ́nu mi ni mo ti ń gbẹ́ ọkọ̀, títí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn ọkọ̀ tí mo gbẹ́ tó dára, mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan wà tí mo bà jẹ́. Òun ni mo rántí jù.

Etí omi kan lẹ́yìn Abereke ni wọ́n bí mi sí, òkun níwájú, ẹrẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá mi wọ òkun lọ lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, òkun kò dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọ̀la ti wọ̀ mí lára. Bí wọ́n bá fún mi ní ẹja, màá jẹ orí rẹ̀, màá fi ìrù pamọ́ sábẹ́ ẹní de ọ̀la. Èèrà ló máa ń jẹ ọ̀la náà. Síbẹ̀, mi ò jáwọ́.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ agbẹ́kọ̀ kan, alàgbà ìjọ wa. Jósẹ́fù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Òní-ńkọ́ ni gbogbo etídò ń pè é, nítorí bí o bá sọ ohunkóhun nípa ọ̀la fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo náà ni yóò bi ọ́. Ohun tí ìyá mi san àti ohun tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò dùn láti gbọ́. Ohun tí bàbá bi mí lọ́jọ́ náà ni kí ẹ gbọ́.

"Ọma mi," bí a ti ń pe ọmọ lọ́dọ̀ wa, "kí lo fẹ́ níbí?"

"Mo fẹ́ di ọ̀gá agbẹ́kọ̀, bàbá. Kí n ní irin tèmi, kí n kọ́ ilé onípákó fún ìyá mi, kí n ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá."

"Ó dáa. Òní ńkọ́?"

"Òní, bàbá?"

"Gbálẹ̀."

Mo gbálẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn méjì fi kọjá. Èérún igi ni mò ń gbá, mo ń pọn omi, mo ń pọ́n irin lórí òkúta. Irin tí a fi ń gbẹ́ inú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ọkọ́, ó sì mú débi pé ó lè fá irun ẹsẹ̀ rẹ kó tún mú awọ mọ́ ọn. Bàbá kì í na ọmọ iṣẹ́. Ìbá sàn kó nà wá! Ohun tó máa ń ṣe ni pé, bí o bá ń gbẹ́ ìdí ọkọ̀ tí ojú rẹ sì ti wà níwájú ọkọ̀, yóò na ọwọ́ sí ọ láìsọ̀rọ̀. O ti mọ̀. Wàá gbé irin lé e lọ́wọ́, o ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gba irin lọ́wọ́ mi nígbà kan ní ọjọ́ mẹ́fà léra wọn. Ní ọjọ́ keje, ọjọ́ ìsinmi, Iye Rákẹ́lì ìyàwó rẹ̀ (Iye ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa) wò mí láti òkè délẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Sámúẹ́lì, òní nìkan ni wọn ò gba irin lọ́wọ́ rẹ o. Ẹ kú oríire."

Rákẹ́lì ọmọ wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìborùn bo ẹnu. Ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́, kí n tó fẹ́ ẹni tó ni ín.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí irin tó kan igi, bàbá á gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀ tí a ń gbẹ́, àwa náà á gbé tiwa lé e. Àdúrà rẹ̀ kì í gùn. Ó máa ń sọ pé, "Bàbá wa, oúnjẹ òòjọ́ la tọrọ, iṣẹ́ òòjọ́ náà la tọrọ. Ibi tí ọwọ́ wa wà yìí, jẹ́ kí ọkàn wa wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Ìwọ náà wà." Ó tán. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún wa nípa oúnjẹ tí Ọlọ́run rọ̀ fún àwọn ọmọ Rẹ̀ nínú aginjù, pé èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì á máa yọ ìdin. Mo rántí ìrù ẹja mi. Inú mi sọ pé, àṣé èèrà ti wà láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo gbà fún un wẹ́rẹ́. Mo bá a jiyàn. Mo ní, "Bàbá, àwọn àgbà ló sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

Ó ní, "Òótọ́ ni. O ti wò ó lókèèrè tán. Èyí tó ti wà nínú ojú rẹ báyìí ńkọ́?"

Iye Rákẹ́lì gbè mí lẹ́sẹ̀ láti ibi tó ti ń hun ẹní. "Ẹ dá ọmọ yìí lóhùn dáadáa, bàbá Rákẹ́lì. Ẹ ní ká má ro ọ̀la. Ta ló ri ìtì igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ sínú omi lẹ́yìn ilé, kó lè gbó fún ọkọ̀, láti ìgbà tí Rákẹ́lì ti ń rá? Ṣé òní náà nìyẹn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Òní ni nígbà yẹn. Ó yẹ kí n rì í lọ́jọ́ náà, mo rì í. Mo lọ jẹun. Ǹjẹ́ ẹ rí i kí n máa lọ wò ó láràárọ̀ pé ṣé ó ti tó?"

"Rárá o."

"Ẹni tó bá gbin nǹkan kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń hú u wò ló ṣẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ti ń ṣí ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí a bá gbẹ́ inú ìtì igi tán, ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀. Tóóró ló rí, bí èèpo ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. A ó da omi kún inú rẹ̀, a ó dá iná imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ara igi bá ti gbóná tó sì rọ̀, ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀díẹ̀. A ó máa fi igi ìdábùú há a lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kó má baà padé mọ́. Mẹ́sàn-án la máa ń fi sí ọkọ̀ ńlá. Àwọn agbẹ́kọ̀ mìíràn a máa gé igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sílẹ̀ ṣáájú. Bàbá Òní-ńkọ́ kì í gé ju ẹyọ kan lọ. Yóò dúró, yóò fi ọwọ́ kan ara igi, yóò tẹ́ etí sí i, yóò wo bí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ tó ní wákàtí yẹn gan-an, ìgbà náà ni yóò gé igi ìdábùú tó bá a mu. Ó ní, "Bí o bá gé igi ṣáájú, igi tí o gé ni wàá máa gbọ́ràn sí lẹ́nu, o ò ní gbọ́ ti ọkọ̀."

Ó tún ní òfin kan: lọ́jọ́ tí a bá ń ṣí ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá dárúkọ ọ̀la, òun ni yóò pọn omi ìgbà mẹ́wàá. Bùràímọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mùsùlùmí tó ń fi ọkọ̀ ta ìṣó àti okùn káàkiri àwọn etídò wa, a máa dá a láàmú. Yóò dúró lórí omi, yóò pariwo pé, "Bàbá Òní-ńkọ́, ọ̀la ni mo máa padà wá, inṣáálláhù!"

Bàbá á ní, "Sọ̀kalẹ̀ wá pọn omi."

"Mo sọ inṣáálláhù! Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èmi àti ìwọ ń sọ, èdè ló yàtọ̀."

"Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, pọn márùn-ún."

Yóò sì sọ̀kalẹ̀ pọn ọ́n ní tòótọ́, tòun ti fìlà rẹ̀, kí wọ́n tó jọ jẹun.

Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn, gbogbo ilé ti mọ ohun tó wà láàárín èmi àti Rákẹ́lì, àwa nìkan la rò pé a fi í pamọ́. Lọ́jọ́ kan bàbá pè mí, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí.

"Sámúẹ́lì, gbé igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ yẹn jáde nínú omi. Ọkọ̀ Iye ni. Tirẹ̀ ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ dí ihò. Ìwọ nìkan ni kó gbẹ́ ẹ, kó sì ṣí i. Ọjọ́ tó bá wọ omi, mo dá ọ sílẹ̀, o di ọ̀gá. Ọjọ́ ìsinmi tó bá tẹ̀ lé e, kí àlùfáà so ìwọ àti Rákẹ́lì pọ̀."

Ẹ wo ẹrù tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo! Òmìnira mi wà nínú rẹ̀, ìyàwó mi wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí Iye yóò fi máa dé ọjà wà nínú rẹ̀. Igi tí bàbá tọ́jú fún ogún ọdún ó dín díẹ̀ ni.

Mo gbẹ́ ẹ. Kí n má purọ́, mo gbẹ́ ẹ dáadáa. Bí o bá fi ìka kàn án, ó ń dún bí ìkòkò tí kò sán. Ṣùgbọ́n bó ti ń kù díẹ̀, ojú mi kúrò lára rẹ̀. Mo ti bá Rákẹ́lì sọ irú aṣọ tó máa wọ̀. Mo ti sọ fún ìyá mi pé ọkọ̀ náà yóò fẹ̀ débi pé ènìyàn méjì á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ṣíṣí, mo jókòó, mo gé igi ìdábùú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo fá wọn, mo tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Rákẹ́lì ń kọjá lọ síbi omi, ó dúró.

"Ṣé Bàbá rí eléyìí?"

"Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá. Mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu."

Ó wo igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó wò mí. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n," ó ní, "ojú kò dùn wọ́n." Ó sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dáná. Igi àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Èkejì wọlé. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Inú mi ń dùn, mò ń kọrin. Nígbà tó kan ẹ̀karùn-ún, kò bá a mu. Ó fi ìwọ̀n ìka méjì gùn jù. Ohun tó yẹ ni kí n dúró, kí n da omi sí i, kí n jẹ́ kí igi mí. Ohun tó tún rọrùn ju ìyẹn lọ ni kí n gé ìka méjì kúrò. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e, ẹ̀kẹfà náà kò ní bá a mu, èkeje kò ní bá a mu, ọkọ̀ tí mo ti ṣèlérí fún gbogbo ènìyàn yóò kéré. Mo gbọ́ tí ara ọkọ̀ dún fín-ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ ọ! N kò lè sọ pé mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ẹ̀kẹfà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, tó ń dúró dè mí. Mo fi òòlù igi gbá ẹ̀karùn-ún wọlé.

Ọkọ̀ náà ké. Ó ya láti iwájú, ó sáré dé àárín, omi inú rẹ̀ dà sórí iná, gbogbo ibẹ̀ di èéfín. Nígbà tí èéfín ṣí, mo rí ogún ọdún bàbá tó là sí méjì.

Àwọn àgbà sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti ń kọ òwe yẹn lórin láti kékeré. Kí ni mo fi ṣe?

Wọ́n gbé bàbá wá lórí àga. N kò lè gbójú sókè. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ń retí ọwọ́ tí yóò na sí mi, tí yóò gba irin fún ìgbà ìkẹyìn. Bàbá wo ọkọ̀. Ó wo igi ìdábùú mẹ́rin tó kù, tí wọ́n tò dáadáa, tí wọ́n mọ́ tónítóní.

"Iná yìí ṣì ń jó lápá ibí," ó ní. "Iye, ṣé ẹja wà?"

Iye ní, "Ẹja wà. Tútù ni."

"Gbé e wá ká sun ún."

Mo gbé orí sókè nínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ọkọ̀ ti bàjẹ́! Òmìnira mi, Rákẹ́lì, kí ni yóò ti rí lọ́la?"

"Òní ńkọ́, Sámúẹ́lì? Lónìí, o dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ebi ń pa ọ́, iná wà, ẹja wà. Dìde, lọ wẹ ọwọ́. Ọlọ́run kò sí nínú ọ̀la tí ò ń wò yẹn, ọmọ mi. Kò tíì dá a. Ibí ló wà, pẹ̀lú ọkọ̀ tó là."

A sun ẹja níbi iná ọkọ̀ tí mo bà jẹ́. Iye fún mi ní odindi kan. Mo jẹ orí rẹ̀, mo jẹ àárín rẹ̀, mo sì jẹ ìrù. Omijé mi ni iyọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti lọ tí mo jẹ ẹja kan tán.

Nígbà tí a jẹun tán ni bàbá ní kí wọ́n gbé òun súnmọ́ ọkọ̀. Ó fi ìka kàn án láti ìdí wá, ó ń tẹ́tí, ó dé àárín, ó fi èédú fa ìlà. "Ibí ló ti kú. Láti ibí sí ìdí, ó yè. Kí la lè fi èyí tó yè ṣe?"

Bùràímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ló dáhùn. Ó ní òun ní pákó kan tí wọ́n fi ayùn là, òun sì ní ìṣó. Títí di ọjọ́ náà, ìṣó kan kò wọ ọkọ̀ bàbá rí. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ọkọ̀, bí ẹni tó lẹ eyín mọ́ ẹnu ni. A rò pé yóò kọ̀. Ó ní, "Gbé e wá ká wò." A gé apá tó là kúrò, a fi pákó dí iwájú rẹ̀, a fi òwú àti ọ̀dà dí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún dáná, mo ń gé igi ìdábùú lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta péré ló gbà. Bí mo bá ti gé ọ̀kan, màá wo ojú bàbá. Nígbà ẹ̀kẹta, ó ti ń sùn lórí àga. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti dá mi sílẹ̀.

Ọkọ̀ Iye kò ní imú. Iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àpótí ọṣẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wà á lọ sọ́jà, àwọn obìnrin etídò fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Iye Rákẹ́lì, ta ló gbá ọkọ̀ yín lẹ́ṣẹ̀ẹ́?" Ó dá wọn lóhùn pé, "Àna mi ni. Ẹ wá wo bí kì í ti í jò." Nínú ọkọ̀ náà la gbé bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n so èmi àti Rákẹ́lì pọ̀. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú níbi tó fẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn, ó ní ọkọ̀ onímú kì bá gba ẹsẹ̀ òun. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Olúwa pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì mu ún tán.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Pákó àti ìṣó di iṣẹ́ wa, nítorí àwọn igi ńlá ti jìnnà, àwọn ọkọ̀ òyìnbó ń wọ́ wọn lọ sí òkè òkun. Mo kọ́ ayùn, mo kọ́ bí a ti ń tẹ pákó. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì dé, wọ́n ní kí n máa gbẹ́ ìdí ọkọ̀ kó nípọn. Mo kọ́ ìyẹn náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń ṣọ̀fọ̀ irin àtijọ́, wọ́n ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń rí i ṣe. Mo ní bàbá kan ló bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù ọ̀la ṣì máa ń wá. Bó bá dé, màá gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀ tó wà níwájú mi, màá gba àdúrà kúkúrú yẹn, ẹ̀rù náà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àlejò tí wọn kò tíì bù fún.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn mi. Ẹ lọ gbá ilẹ̀ tó wà níwájú yín.

Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo pe àwọn tó yẹ kí n pè. Irin tí bàbá fi sílẹ̀ fún mi, Jákọ́bù ọmọ iṣẹ́ mi ló gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ ṣì ń rìn díẹ̀. Ayùn lọ sọ́dọ̀ ọmọ Bùràímọ̀, nítorí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni pákó àkọ́kọ́ ti wá. Ọkọ̀ aláìnímú di ti ọmọbìnrin wa àgbà. Iye ló ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ibi tí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀, òkun ló jogún rẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku igi ìdábùú mẹ́rin. Mo ti fi wọ́n há òrùlé láti ọjọ́ tí ọkọ̀ là, kí n lè máa rí wọn. Wọ́n ti dúdú, wọ́n ti gbẹ. Jákọ́bù fẹ́ kí n fún òun, kó lè máa fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo fẹ́ gbà. Ibẹ̀ ni Rákẹ́lì ti yọjú láti ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ tútù, ìpẹ́ ẹja wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Baálé mi, igi ìdáná tán."

Mo wo òrùlé. Mo na ọwọ́, mo sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, mo kó wọn fún un. Wọ́n jó dáadáa, wọn ò ṣèéfín. A pe Jákọ́bù jókòó, a jọ jẹ ẹja náà, torí-tìrù.